Equiano: pílánẹ́ẹ̀tì ràgàjì tí Nàìjíríà sọ lórúkọ, tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí

Ìbéèrè Ìyá ló bí àlàyé yìí. Ìyá tí mò ń wí, àbúrò bàbá mi ni. Ó ta aṣọ lọ́jà Kábà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó ní ó tó, ló bá padà sílé ní Mọ̀pà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, iná kò sí, gbogbo wa wà níta, àwọn kan lórí ẹní, àwọn kan lórí àga. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ka fóònù bá figbe ta pé, "Háà, Nàìjíríà ní pílánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ o! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé yìí lọ́nà igba!" Ìyá ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló lọ wọ̀n ọ́n?"

Ilé gba ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó lọ ni mo rí i pé ìbéèrè ọlọ́jà nìyẹn, òun gan-an ló sì yẹ kéèyàn bi. Ẹni tó bá ti ta aṣọ rí mọ̀ pé kí á tó pe nǹkan ní ọ̀pá mẹ́fà, ẹnì kan ti ní láti na ọ̀pá lé e. Kò sí ẹni tó na ọ̀pá lé pílánẹ́ẹ̀tì yìí. Kò sí ẹni tó rí i pàápàá. Síbẹ̀ a mọ iye ọjọ́ tó fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po, a mọ ìwọ̀n tí kò lè kéré sí, a sì mọ bí ọ̀nà tó ń tọ̀ ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń lọ́ pọ̀. Lédè wa, gbogbo ohun tó bá ń tàn lójú ọ̀run lálẹ́ tí kì í ṣe òṣùpá, ìràwọ̀ la máa ń pè é. Àwọn àgbà sì ti kíyè sí i pé ọ̀kan wà tí ìrìn rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òótọ́ ni, kì í ṣe ajá oṣù, kì í sì í ṣe ìràwọ̀. Òun ni òyìnbó ń pè ní Venus: pílánẹ́ẹ̀tì ni, ẹgbẹ́ ayé tí à ń gbé yìí, tó ń yí Oòrùn po bí àwa náà ṣe ń yí i po. Ohun tó bá ní iná nínú ara rẹ̀ ni ìràwọ̀. Oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ó kàn sún mọ́ wa ju àwọn yòókù lọ ni. Pílánẹ́ẹ̀tì kò ní iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí lára àgùàlà, ọwọ́ Oòrùn ló ti yá a, bí dígí ṣe ń yá ìmọ́lẹ̀ fìtílà.

Bí Oòrùn bá wá jẹ́ ìràwọ̀, tó sì ní pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tó ń yí i po, kí ni yóò dí àwọn ìràwọ̀ yòókù lọ́wọ́ láti ní tiwọn? Kò sí. Kí ọdún 2022 tó parí, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ mìíràn tí àwọn onímọ̀ ti rí ẹ̀rí wọn dájú ti lé ní 5,000. Equiano jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Nọ́ńbà ni ìràwọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, HD 43197, pílánẹ́ẹ̀tì náà sì ń jẹ́ HD 43197 b, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń pe ọkọ̀. Lọ́dún 2019, tí àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé pé 100 ọdún, wọ́n pín ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan fún orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, pé kí wọ́n sọ ìràwọ̀ náà àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Èyí ló bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà. Wọ́n sọ ìràwọ̀ náà ní Amadioha, òrìṣà tó ń sán àrá nílẹ̀ Igbo, wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì náà ní Equiano, ìyẹn Olaudah Equiano, ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó ra ara rẹ̀ padà, tó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1789 láti fi bá òwò ẹrú jà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bínú díẹ̀ pé kí ló dé tí kì í ṣe Ṣàngó. Èmi ò bínú. Àwa tí àwọn baba ńlá wa gun orí òkè lọ fara pamọ́ nítorí ogun Tápà, tí àwọn tí kò tètè gùn sì di ẹni tí wọ́n ń tà, orúkọ Equiano kò ṣe àjèjì sí wa. Ohun kan ṣoṣo tó wù mí ni bí àwọn ará Burkina Faso ṣe fi orúkọ odò wọn, Mouhoun àti Nakanbé, sọ tiwọn. Ká ní wọ́n wá bi wá léèrè ní Lọ́kọ́ja, odò méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń dúró de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó jìnnà tó nǹkan bí 200 ọdún-ìmọ́lẹ̀. "Ọdún" tó wà níwájú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe ìgbà ni wọ́n ń kà, ọ̀nà ni. Bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń sọ pé ìlú kan jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ làwọn onímọ̀ ń sọ pé ìràwọ̀ kan jẹ́ ìrìn igba ọdún. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rin tiwọn, ìmọ́lẹ̀ sì ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ ló ń gbà á láti ara Oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ Amadioha tó bá wọ ojú awò awọ̀nàjíjìn lálẹ́ òní ti gbéra kí Lander tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó wa ọkọ̀ kọjá níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé lọ́dún 1830.

Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í wọ èèyàn lára. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sọ́jà. Mú ọsàn kan tó tóbi níwọ̀n, gbé e sílẹ̀ láàárín ọjà Kábà, kó dúró fún Oòrùn. Ayé wa yóò jẹ́ hóró yanrìn kan tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ọsàn náà. Júpítà, ọ̀gá nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì Oòrùn, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mọ́kànlá ti ayé, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 318, yóò jẹ́ hóró ẹ̀wà kan ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣísẹ̀, bóyá níbi tí àwọn alátà tò sí. Láti ibẹ̀, tí a bá ń wá ìràwọ̀ tó múlé gbe Oòrùn jù lọ, a ó gbọ̀nà nǹkan bí 2,000 kìlómítà: a ó kúrò ní Kábà, a ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Freetown ní Sàró. Ọsàn kan ní Kábà, òmíràn lẹ́bàá Sàró, kò sì sí ọsàn kankan láàárín wọn. Amadioha ńkọ́? Lórí ìwọ̀n ọsàn yìí kan náà, kò sí ibì kan lórí ilẹ̀ ayé tó jìnnà tó o. Èèyàn yóò yí gbogbo ayé po lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà á ṣì kù.

Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ Voyager 1 tí Amẹ́ríkà jù sókè lọ́dún 1977, tó sì ń sáré nǹkan bí 17 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó bá kọrí síbẹ̀, yóò lò ju mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún lọ lójú ọ̀nà.

Jíjìn nìkan kọ́ ló sì dí ojú lọ́wọ́. Bí èèyàn bá dúró sọ́ọ̀ọ́kán tó ń wo Oòrùn àti Júpítà papọ̀, ìmọ́lẹ̀ Oòrùn yóò ju ti Júpítà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po bílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀nà Ọbájánà lóru tí tírélà sìmẹ́ǹtì tan iná gàràgàrà sí i lójú, kí ó sọ fún mi bó bá rí tanátaná tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà. Tanátaná náà wà níbẹ̀. Iná ló gbé e mì. Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì díẹ̀ wà tí awò ti ya fọ́tò wọn, irú àwọn tó ń yí ìràwọ̀ HR 8799 po, tí fọ́tò wọn jáde lọ́dún 2008. Ṣùgbọ́n wọ́n tóbi gan-an, wọ́n ṣì gbóná láti ìgbà ìbí wọn, wọ́n sì jìnnà sí iná ìràwọ̀ wọn. Fọ́tò wọn pàápàá, àmì kóńkó-kóńkó ni.

Nítorí náà, àwòrán aláwọ̀ àlùkò tó wà lórí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ní òrùka, tó ní ìkùukùu, tí wọ́n kọ Equiano sábẹ́ rẹ̀, ayàwòrán kan ló fi ọwọ́ yà á. Kò burú kí wọ́n yàwòrán. Ohun tí inú mi kì í dùn sí ni kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ kiri bí ẹni pé fọ́tò ni.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ó wà? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún mú méjèèjì, kó máa fi í yí òòyì nínú àgbàlá. Ọmọ fò lókè, ó ń rẹ́rìn-ín, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo ní kí Ìyá má wo ọmọ, kí ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ náà kò dúró lójú kan. Ó ní láti fara sẹ́yìn kí ọmọ má bàa fà á ṣubú, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ iyanrìn róbótó, òbìrípo kékeré lábẹ́ ńlá tí ọmọ ń yà. Ọmọ kékeré ò lè fi àgbà yí òòyì, àmọ́ kò sí bí àgbà yóò ṣe fi ọmọ yí òòyì tí òun náà kò ní mì. Mo wá ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ yìí di àfẹ́ẹ̀rí, a ò rí i mọ́. Kí la ó rí?" Ìyá ní, "A ó rí gìrìpá kan tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lójú kan bí ẹni iwin ń bá ṣeré." Ó ti gbà á.

Gbogbo àlàyé wà nínú gọ́ọ́gọ́ọ́ yẹn. Pílánẹ́ẹ̀tì ń yí ìràwọ̀ po, ìràwọ̀ náà ń mì díẹ̀. A kò rí pílánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n a rí ìràwọ̀ tó ń mì. Bí ó bá mì gan-an, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wúwo. Iye ọjọ́ tó fi ń mì lọ tó fi ń mì bọ̀, òun ni iye ọjọ́ tí ẹni náà fi yí i po.

Èwo wá ni ká rí ẹsẹ̀ ìràwọ̀ láti ìrìn igba ọdún? Ẹ gbọ́ bí tírélà ṣe ń dún bó bá ń bọ̀ lójú títì. Bó ṣe ń sún mọ́ wa, ohùn rẹ̀ ń ké tín-ín-rín. Gẹ́rẹ́ tó bá kọjá, ohùn náà á wálẹ̀, á dún kẹ̀kẹ̀ lọ. Awakọ̀ ò yí nǹkan kan padà. Bíbọ̀ ló ń fún ohùn pọ̀, lílọ ló ń nà án. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀: ìràwọ̀ tó bá ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á yí sí búlúù díẹ̀, èyí tó bá ń lọ, tirẹ̀ á yí sí pupa díẹ̀.

Díẹ̀ yẹn kéré jọjọ, ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ibí ni iṣẹ́ ahunṣọ wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ máa ń la ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bí òjò ṣe ń la ti Oòrùn sí òṣùmàrè. Òṣùmàrè tí wọ́n bá rí kò lọ geere. Àwọn ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀, nítorí pé àwọn nǹkan tó wà lójú ìràwọ̀ náà, irin, kálísíọ́mù, sódíọ́mù, ti gbé àwọ̀ kan mì níbẹ̀. Ìyá mọ aṣọ tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun dunjú. Mo ní kó wò ó bí aṣọ aláràbarà tí wọ́n fi òwú dúdú sí láàárín ní àyè tí kì í yẹ̀. Oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ á mọ ibi tí òwú dúdú kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà. Bí gbogbo òwú dúdú náà bá sún sápá kan papọ̀, tí wọ́n tún sún padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, aṣọ kọ́ ló bàjẹ́. Ẹni tó gbé aṣọ ló ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀.

Ti Amadioha, ibi tí òwú sún dé kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi rí i ń jẹ́ HARPS. Ó wà lórí òkè La Silla ní Chile láti 2003, wọ́n sé e mọ́ inú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, wọn kì í sì í jẹ́ kí ooru ibẹ̀ yí padà, nítorí bí irin ẹ̀rọ náà bá wú díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yóò dà bí ẹni pé ìràwọ̀ ló rìn.

Ìràwọ̀ Amadioha ń sáré síwá sẹ́yìn ní nǹkan bí 32 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ bí mọ́tò tó ń sá ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, irú eré tí ọ̀nà wa ò gbà. Ẹ fi wé ti ilé wa. Júpítà ń mú kí Oòrùn rìn ní nǹkan bí mítà 12 sí 13 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, eré ọ̀kadà tó ru èrò méjì. Ayé wa yìí, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 9 péré ló ń sún Oòrùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìrìn ìjàpá nìyẹn. Ìdí tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ràgàjì fi kọ́kọ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́ nìyẹn: àwọn ló ń ti ìràwọ̀ wọn gidi.

Ìyá tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó ti yé òun, àmọ́ ọmọ yìí ti sọ pé ó tó ayé lọ́nà igba. Ṣé ìbú ni tàbí ìwúwo? Ọlọ́jà ò gbàgbé. Mo ní ìwúwo ni, ọmọ ló ṣì í sọ. Mímì ìràwọ̀ kì í sọ bí nǹkan ṣe tóbi, bó ṣe wúwo ló ń sọ. Equiano wúwo tó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá Júpítà, ìyẹn nǹkan bí ayé 190, ó kéré tán.

"Ó kéré tán" yẹn kì í ṣe ojo. Padà sí àgbàlá. Bí o bá jókòó sílẹ̀ tí o ń wo ẹni tó ń yí òòyì láti ẹ̀gbẹ́, wàá rí i tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ, tó tún ń fà sẹ́yìn. Bí o bá wà lórí igi máńgòrò tí o ń wò ó láti òkè, kò ní bọ̀, kò ní lọ. Yóò kàn máa yí lábẹ́ rẹ ni. Bíbọ̀ àti lílọ nìkan ni òwú dúdú ń sọ fún wa. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ gan-an la ti ń wo Amadioha, ìwọ̀n tí a rí pé pérépéré. Bó bá jẹ́ pé a wà lókè díẹ̀, a jẹ́ pé apá kan nínú mímì náà pa mọ́ fún wa, Equiano sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò kàn lè fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ni.

Ọgbọ́n mímì yìí ni wọ́n fi rí pílánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó ń yí ìràwọ̀ tó jọ Oòrùn po. Michel Mayor àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Didier Queloz, ará Switzerland, ló kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, láti ibùdó awò kan ní gúúsù Faransé. Ìràwọ̀ náà ni 51 Pegasi. Ohun tó jáde bá gbogbo èèyàn lójijì: pílánẹ́ẹ̀tì tó wúwo tó ìdajì Júpítà, tó ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po ní ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀. Júpítà tiwa ń lo ọdún méjìlá. Lórí ìwọ̀n ọsàn ọjà Kábà, Júpítà wà ní àádọ́ta ìṣísẹ̀. Hóró ẹ̀wà ti 51 Pegasi kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan sí ọsàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò kọ́kọ́ gbà, torí ohun tí ìwé ń kọ́ni nígbà náà ni pé ibi òtútù, lọ́nà jíjìn sí ìràwọ̀, ni irú pílánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà. Wọn ò parọ́ o. Ohun tí wọn ò rò ni pé ó lè dàgbà lókèèrè kó tó kó wá sílé. Àwọn méjèèjì gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 2019, James Peebles gba ìdajì kejì fún iṣẹ́ mìíràn.

Ọgbọ́n kejì wà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí òun kọ́ ni wọ́n fi rí Equiano. Kòkòrò tó bá kọjá níwájú gílóòbù á ṣíji bò ó díẹ̀. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá kọjá láàárín àwa àti ìràwọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà á rẹlẹ̀. Hóró ẹ̀wà níwájú ọsàn á bo nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, lára ìràwọ̀ HD 209458. Awò Kepler tí Amẹ́ríkà gbé sójú òfuurufú láàárín 2009 sí 2018 sì fi ọgbọ́n yìí rí ju 2,600 lọ. Òjìji yìí ló ń sọ ìbú. Ẹni tó bá ní ìbú àti ìwúwo papọ̀ lè sọ bí nǹkan ṣe ki tó: pílánẹ́ẹ̀tì HD 209458 yẹn gbòòrò ju Júpítà lọ, kò sì wúwo tó o. Bí a bá rí odò tó gbà á, yóò léfòó bí akèrègbè àwọn apẹja Ọya.

Kí ló wà lórí Equiano? Orí kọ́ ni kí á máa pè é. Pílánẹ́ẹ̀tì ràgàjì irú Júpítà kò ní ilẹ̀ tí èèyàn ń tẹ̀. Gáàsì ni, haidirójìn àti hílíọ́mù ló pọ̀ jù, ó ń ki sí i bí a ṣe ń wọ inú rẹ̀ lọ títí ìwúwo òkè á fi fún un pọ̀ di bí omi. Ẹni tó bá ń wá oko tí yóò fi ọkọ́ kọ ebè iṣu, kó yáa máa bọ̀ ní Yàgbà.

Ohun tó mú kí Equiano dá yàtọ̀ ni ọ̀nà tó ń tọ̀. Ọ̀nà ayé wa yí Oòrùn po róbótó, kó ku díẹ̀ kó pé. Ọ̀nà Equiano gùn bí ìbẹ́pẹ tí a là sí méjì lóòró, Amadioha kò sì sí láàárín, ìdí ìbẹ́pẹ ló wà. Ní ìpẹ̀kun kan, Equiano sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 23 mílíọ̀nù kìlómítà. Kò sí pílánẹ́ẹ̀tì Oòrùn kankan tó sún mọ́ Oòrùn bẹ́ẹ̀. Ní ìpẹ̀kun kejì, ó ti lọ tó nǹkan bí 250 mílíọ̀nù, ó kọjá ibi tí Mars, pílánẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀lé ayé wa, wà sí Oòrùn. Ayé tiwa, 150 mílíọ̀nù ló jẹ́. Lórí ìwọ̀n ọsàn, ìyẹn ni hóró ẹ̀wà kan tó ń lọ tó ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún, tó sì tún ń padà wá títí yóò fi ku ìṣísẹ̀ kan àbọ̀ kó kan ọsàn.

Ọdún Equiano jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 327. Bó bá wà lókèèrè, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Bó bá ń bọ̀ nítòsí, ó ń já wọlé bí òkúta tí a ti sọ láti orí òkè, á ṣẹ́rí po wéré, á tún jáde. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bà á níbi tó sún mọ́ jù ju èyí tó ń bà á níbi tó jìnnà jù lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò tiwa, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Kò dájú pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ọ̀nà tó fẹ̀ gùn báyìí sábà máa ń jẹ́ àmì pé pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, tàbí ìràwọ̀ mìíràn, ti fà á tì í rí.

Ìyá tẹ́tí, ó gbọ́ ọ dópin, ó ní kí n wá fi hàn án. Kérésìmesì ti kọjá, ọyẹ́ sì bo ojú ọ̀run lóru ọjọ́ náà, nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá a gbé. Tó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ó kọjú sí gúúsù. Lókè gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí àtàrí, yóò rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí àlàfo wọn dọ́gba. Kí ó fa ojú wálẹ̀ lórí ìlà tí wọ́n tò yẹn, sápá òsì. Ìràwọ̀ tó bá pàdé, tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ ojú ọ̀run lọ, ni Sirius. Kí ó wá sọ ojú kalẹ̀ sí i láti ibẹ̀, kí ó sì fà á sọ́tùn-ún díẹ̀. Lágbègbè ibẹ̀ ni Amadioha wà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó èyí tí ojú lásán lè rí. Yóò nílò awò, kékeré pàápàá á tó. Bí kò bá ní awò, òkùnkùn ni yóò rí níbẹ̀, kí ó kàn na ìka sí i fún Ìyá.